Ògiri Tó Ṣẹ́kù Nínú Kásìkì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Savalou ni mo ti ń ṣe é, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Mo mọ ìgbà tí àwọn Faransé wọ ilẹ̀ yìí, mo mọ ọba tó jẹ tẹ̀lé ọba, mo sì lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko láì wo ìwé. Ṣùgbọ́n ìtàn kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ilé wa, ọwọ́ mi ló bàjẹ́ sí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Èmi ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe òjò.

Apá Agoua ni ilé wa wà, lábẹ́ Bantè, létí igbó ìjọba. Agboolé ńlá ni. Àwọn kan nínú wa ń kírun, àwọn kan ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láì wọ bàtà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó jà rí nítorí ògiri. Ògiri tí mò ń sọ ni èyí tó gùn tó kọjú sí ìta, tí àlejò kọ́kọ́ ń rí kó tó rí ènìyàn. Àwọn obìnrin ló ni ín. Bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ilẹ̀ pupa, ẹfun àti èédú ya àmì sí i. Omi èèpo irú tí wọ́n sè títí tó fi dúdú ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn, kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́.

Àmì kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan tó ti kú ni. Kì í ṣe òrìṣà, kò sí ẹni tó ń bọ ọ́. Obìnrin tó bá kú nínú agboolé wa, ìyàwó ilé ni o, ọmọ ilé ni o, bí wọ́n bá ti ń rẹ́ ògiri lọ́dún náà, ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tó sún mọ́ ọn jù yóò ya àmì tirẹ̀ kún ti àwọn tó ti lọ. Ti ìyá bàbá mi jẹ́ òòyà. Ti ìyàwó àkọ́fẹ́ bàbá mi jẹ́ orí adìyẹ, nítorí ó fẹ́ràn adìyẹ ju ènìyàn lọ, kò sì fi bò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún gbogbo wọn yà, tí wọ́n ń kí wọn bí ọwọ́ ṣe ń kàn wọ́n. Ẹni tó bá ya àmì tuntun kò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Wọ́n ní kò dára kí a fi òkú sílẹ̀ ní tútù. Mo ti rí obìnrin tó dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí wọ́n ń bu omi fún un mu lórí ìdúró. Bí ilẹ̀ pupa náà bá sì ta sí alààyè lára, kíá ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ kúrò. A kì í fi àmì òkú kan ara alààyè nílé wa.

Gàrí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń yan. Gàrí Savalou tí ẹ ń rà, tó kúnná tó sì ń dún lẹ́nu, irú rẹ̀ ló ń ṣe. Òun ló fi owó gàrí rán mi lọ sílé ìwé, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá sọ Faransé níwájú rẹ̀, á ní, “Ẹ gbọ́ gàrí mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀.” Ní ìgbà ìkórè kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní kùtùkùtù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fi aṣọ rẹ̀ dì í mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó wa alùpùpù, wọ́n sì kọjú sí ilé ìwòsàn ní Bantè. Ọkùnrin tó wà á sọ fún mi pé òun mọ ibi tí ẹ̀mí ti bọ́ gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ tó fi di òun mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tú. Ó ní òun kò dúró, òun ń bá a lọ ni. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ìyá mi kò sunkún lójú wa. Lọ́jọ́ kẹjọ ló sọ fún wa pé òun ti mọ àmì tí òun máa yà: àfọ́kù igbá tí wọ́n fi ń yí gàrí nínú agbada, pẹ̀lú ìka mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Ìka mẹ́ta náà ni iná. Ó ti lọ wa ilẹ̀ pupa sílẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó wá ń ka ọjọ́ tí ọyẹ́ yóò lọ. Gbogbo ohun tó kù fún un láyé nìyẹn. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì gbọ́ ọ dáadáa.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí àwọn pọ́rọ́jẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ya àwòrán ohun àtijọ́ pamọ́, dé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa láti Kutonu. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, àwọn ọkùnrin méjì ń bá a gbé ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn ń wá ògiri àtijọ́, ère àtijọ́, ilé àtijọ́, àwọn ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè wọ kásìkì, akoto kan tí àwòrán wà nínú rẹ̀, sójú kó sì dà bí ẹni tó dúró síwájú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Kásìkì tí mo mọ̀ ni ti alùpùpù. Obìnrin náà fi tirẹ̀ dé mi lójú níwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi.

Kí n sọ òótọ́: ó gbé mi. Àgbàlá ààfin kan ni mo ti bá ara mi. Bí mo ṣe yíjú sí ọ̀tún, ògiri wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹkùn tí wọ́n fi amọ̀ mọ sí i lára. Mo yíjú sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà rèé. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè láti kọjá ìloro tí kò sí níbẹ̀, àwọn olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni, ẹnu lásán ni mo fi ń mọ ààfin fún àwọn ọmọ, wọ́n á sì máa sùn. Omi bọ́ lójú mi nínú kásìkì yẹn, inú mi sì dùn pé ó bò mí lójú. Bí mo ṣe ṣí i, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ wá wo ògiri ilé wa.”

Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi yà á. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ń yí, ó ń wò, ó ń yí. Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin náà ní oòrùn ti pọ̀ jù, kò dá òun lójú pé àwòrán náà dára tó. Àwọn ó padà wá kí òjò tó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn. Ó ní bí kò bá ni wá lára, yóò dára kí ògiri wà bó ṣe wà títí di ìgbà náà, kí àwòrán àkọ́kọ́ lè bá ìkejì mu. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ó tilẹ̀ ní “bí kò bá ni yín lára” lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni mo fi tèmi kún un. Nílé wa, bí àlejò bá sọ pé òun ń padà bọ̀ wá bá nǹkan kan, a máa ń dojú igbá tó fi mu omi dé sí ìdí nǹkan náà. Títí tí yóò fi padà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí igbá náà ń ṣọ́. Mo mọ bàbá kan tó jẹ́ kí odidi ebè iṣu jẹrà nílẹ̀ torí àlejò tí kò padà wá, kò sì ráhùn. Mo tẹ̀ sí etí Bàbá, olórí agboolé wa, mo ní kí a dojú igbá dé fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé a ní ọ̀wọ̀.

Bàbá wò mí. “Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá.”

“Wọn ó wá?”

“Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé.”

Ó dojú igbá dé. Obìnrin náà ya igbá náà ní fótò, ó ní ó rẹwà. Mi ò ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, á kà wá sí ará oko. Èmi tí mo ń pariwo ìtàn nínú kíláàsì, mo fi ìtàn ilé mi pamọ́ níwájú ẹni tó gun ọ̀nà jíjìn wá torí rẹ̀.

Ìyá mi ti dúró lẹ́yìn wa látìgbà náà. Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?”

“Ìyá, ẹ fi sùúrù sí i. Wọ́n á ti dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó wá ya tirẹ̀, wọ́n á gbé òun náà sínú ẹ̀rọ. Gbogbo ayé ni yóò rí i.”

“Èmi ò ní kí gbogbo ayé rí i,” ló wí. Ó sì wọlé lọ.

Ọyẹ́ lọ. Wọn ò dé. Mo ń pe obìnrin náà lórí pọ́tábù, ó ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ni ìyá mi ń jókòó sí ojú kan náà, tó kọjú sí ògiri. Kì í bi mí mọ́. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó fọ ìdajì àwọ̀ lọ. Nígbà tí òjò ti wá di ti ojoojúmọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí pọ́tábù mi, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò. Ó ní àwòrán àkọ́kọ́ ti dára tó, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe, kò sí ìdí láti padà wá mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo agboolé. Orí kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń rẹ́rìn-ín wà ní ìparí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pa á mọ́ra. Nígbà tí mo wá lọ bá Bàbá pé kó ṣí igbá náà, ó ní ọwọ́ òun kọ́ ló ń ṣí i. Mo ní àlejò ti sọ pé òun ò wá mọ́. Ó ní, “Ìwọ lo ní ká dé e. Ṣé èmi ni mo mọ̀ wọ́n?” Mo pe obìnrin náà kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, òkè òkun ló wà. Bó bá tilẹ̀ wá, amọ̀ wo ni yóò gbẹ nínú òjò yẹn? Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

A máa ń sọ ọ́ fún tọkọtaya tó ń jà pé bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ọ́. Èmi fi ojú ara mi rí i. Ògiri wa lanu, alángbá wọ ọ́, omi sì tẹ̀ lé alángbá. Ó wó ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mi ò sí nílé. Wọ́n ní kò pariwo, ó kàn jókòó bí arúgbó tó ti rẹ̀. Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí nítòsí ibẹ̀. Ó dìde, ó wo òkìtì amọ̀ náà, ó padà síbi ẹ̀gúsí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó amọ̀ kúrò lápá kan, wọ́n bá igbá àlejò lábẹ́ rẹ̀. Kò fọ́. Ó ṣì dojú dé. Nítorí rẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ ògiri mìíràn síbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ìbéèrè kan péré ni ìyá mi bi mí. “Ibo ni kí n wá ya ọmọ mi sí?”

Mo bínú sí obìnrin Kutonu, mo bínú sí Bàbá àti igbá rẹ̀, mo bínú sí òjò. Nígbà tí mo bínú tán, èmi nìkan ló kù.

Nígbà tí ọyẹ́ padà dé ni wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Savalou, wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ wọn han ìlú. Wọ́n ní kí èmi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo rò pé ìyá mi kò ní í fẹ́ gbọ́ ọ sétí, ṣùgbọ́n ó bi mí pé, “Wọ́n ní ògiri wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, Ìyá.”

“Odidi?”

“Odidi.”

Mi ò ṣàlàyé síwájú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó fẹ́ nǹkan kan.

Ó wá lórí alùpùpù, aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ló ró. Ó gbé igbá kékeré onídèérí kan tó fi gèlè dì dání. Mo ṣe bí ẹ̀kọ ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a dì í mú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo máa fi sọ̀rọ̀ wà lọ́rùn mi. Èrò tò lọ bẹẹrẹ, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń wọ kásìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń nawọ́ sí afẹ́fẹ́. Mo rí ọmọ kan tó máa ń sùn nínú kíláàsì mi, ó yọ kásìkì, ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé. Inú ì bá dùn mọ́ mi lọ́jọ́ mìíràn.

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi kásìkì dé ìyá mi lójú. Ó kí i ní Màhí, èdè àwọn ará Savalou, ìyá mi dá a lóhùn. Ìyá mi rọra yíjú, ó tún yí i padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn.

“Olóòyà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Aládìyẹ, ẹ kú ilé.”

Ó ń kí wọn lọ, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, mo ń fà sẹ́yìn níwájú rẹ̀ kó má baà ṣubú. Àwọn ènìyàn gbé pọ́tábù sókè, wọ́n ń yà á. Obìnrin Kutonu ń sunkún, mo gbà pé òótọ́ ni ẹkún rẹ̀. Gbogbo àmì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyá mi kò fo ọ̀kankan. Nígbà tó kí èyí tó kẹ́yìn tán, ó dúró.

“Àyè rẹ̀ rèé,” ló wí. “Ọmọ mi, ṣí igbá yẹn.”

Mo ṣí i. Ilẹ̀ pupa tó ti wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti èṣí ni, ó ti pò ó mọ́ omi èèpo irú. Ó tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó yẹ kí n sọ pé, Ìyá, fótò ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ wá sínú òfìfo, ọwọ́ arúgbó, ó pupa. Mo mọ ohun tí ó jẹ́ nílé wa kí àmì òkú kan ara alààyè. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, mo fi àyà mi sí ibi tí ọwọ́ náà ń bọ̀.

Ó bá mi lára. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wò mí yíká, bí wọ́n ṣe ń wo ògiri bóyá wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa.

“Ó gbóná,” ló wí. “Oòrùn ti pa á.”

Ó ya àfọ́kù igbá. Ó ya iná mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, ìka kan, ìka kejì, ìka kẹta. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ tí kò sí ẹni tó tún pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó wá ní, “Mi ò rí i. Mo yà á, mi ò rí i.”

“Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Mò ń rí i.”

“Ó pupa?”

“Ó pupa dáadáa.”

Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, ó dúró. Àwọn tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin Kutonu fọwọ́ kàn mí, ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì tún rọra béèrè ohun tí ìyá ń dúró dè. Mo ṣàlàyé fún un nígbà yìí. Mo sọ ti àmì, mo sọ ti òkú tí a kì í fi sílẹ̀ ní tútù, mo sọ ti igbá tó dojú dé sábẹ́ amọ̀ nílé wa. Ó bo ẹnu. Kò lé wa mọ́.

Bátìrì kásìkì náà kú. Mo mọ̀ nítorí pé ìyá mi gbé orí sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run.

“Ilẹ̀ ti ṣú,” ló wí. “Ṣé ó ti gbẹ?”

Mo fọwọ́ kan àyà mi. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ti lẹ̀ mọ́ mi lára.

“Kò tíì gbẹ, Ìyá.”

“Kò burú,” ló wí. Ó sì dúró.